Ọ̀pọ̀tọ́ Inú Kéèkì Àti Àgbọn Ìlàjẹ

Kéèkì ayé ìsinsìnyí ti kúrò ní kéèkì àtijọ́ o. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ti po fúláwà, ṣúgà, bọ́tà àti ẹyin pọ̀, tí wọ́n yan án, tí wọ́n fi àìsíìnì funfun bò ó, kéèkì dé nìyẹn, kí àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ ló kù. Ní báyìí, ìyàwó ojú ọ̀nà á ti wo àwòrán lórí fóònù títí, á ní irú èso báyìí lòun fẹ́ kó wà nínú tòun. Ọ̀kan nínú àwọn èso tí wọ́n máa ń fi hàn nínú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni èyí tí òyìnbó ń pè ní fíìgì. Inú ọ̀rá ló máa ń wà, yóò ti gbẹ, yóò hun jọ bí ojú arúgbó, owó ẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Orúkọ yẹn lè ṣàjèjì létí, ṣùgbọ́n èso náà kò ṣàjèjì rárá. Ọ̀pọ̀tọ́ ni. Kò sí ẹni tó jókòó ní Sọ́ńdè Sùkúùlù rí tí kò mọ̀ ọ́n. Igi tí Jésù bá sọ̀rọ̀ tó gbẹ, igi ọ̀pọ̀tọ́ ni. Nígbà tí Ábígẹ́lì sáré lọ pàdé Dáfídì lójú ọ̀nà, kó má bàa pa ilé Nábálì ọkọ ẹ̀ run, igba àkàrà ọ̀pọ̀tọ́ wà lára ẹrù tó dì lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Nígbà tí eéwo fẹ́ẹ́ gbẹ̀mí Hesekáyà ọba, ọ̀pọ̀tọ́ ni wòlíì Àìsáyà ní kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn mùsùlùmí náà mọ̀ ọ́n. Súrà karùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, orúkọ ọ̀pọ̀tọ́ ló ń jẹ́. Ẹ ò rí i pé kí òyìnbó tó fi bọ́tà sí i làwọn ará Ìlà-Oòrùn ti ń sọ ọ́ di àkàrà, tí wọ́n ń kó o rìnrìn àjò!

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti dùn ni pé igi ọ̀pọ̀tọ́ wà nílẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Èyí tó ń ti ilẹ̀ Tọ́kì àti àwọn orílẹ̀-èdè etí òkun Mẹditaréníà wá, Ficus carica làwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é, ilẹ̀ Tọ́kì yìí ló sì ń kó o jáde jù lágbàáyé. Ọ̀pọ̀tọ́ tiwa, Ficus sur lorúkọ ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, Ficus capensis ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ara igi níbẹ̀ gan-an lèso ẹ̀ máa ń so sí ní ṣùù-ṣùù, bí ìgbà tí èèyàn so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìtì igi. Àwọn àgbà ń fi ewé ẹ̀ sebẹ̀, wọ́n ń fi ṣàgbo, wọ́n ní ó ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀. Èso ẹ̀ ṣeé jẹ, àwọn ọmọdé oko mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n adùn ẹ̀ kò dé ìdajì tí Tọ́kì. Bẹ́ẹ̀ ni èèyàn gbọ́dọ̀ là á wò kó tó jù ú sẹ́nu, nítorí kòkòrò.

Kí ló dé tí kòkòrò fi máa ń wà níbẹ̀? Iṣẹ́ Ọlọ́run tó yani lẹ́nu ni. Gbogbo igi tó kù, ìta ni wọ́n máa ń yọ òdòdó wọn sí kí oyin lè rí i. Ọ̀pọ̀tọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ohun tí à ń pè ní èso yẹn gan-an ló kó òdòdó ẹ̀ pamọ́ sí. Ihò bíńtín kan wà lẹ́nu ẹ̀, ibẹ̀ ni agbọ́n kékeré kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́ máa ń gbà wọlé lọ yé ẹyin, ibẹ̀ ló sì ti ń gbé àtíkè òdòdó láti ara ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ẹ má ṣì í kà o. Agbọ́n ni, ẹ̀yà èyí tó ń ta ni. Kì í ṣe àgbọn tí à ń fọ́ jẹ. Ọ̀rọ̀ àgbọn ń bọ̀ níwájú.

Ẹbí ńlá ni ẹbí ọ̀pọ̀tọ́. Ọdán tí wọ́n ń gbìn sáàárín ọjà kí àwọn àgbà lè rí ibòji jókòó sí, ọmọ ìyá ẹ̀ ni. Ìrókò tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, ẹbí kan náà ni wọ́n. Jalókè tí àwọn Ifẹ̀ máa ń sè jẹ bí iṣu náà wà níbẹ̀. Kódà, igi síkámórè tí Sákéù kúkúrú gùn kó lè rí Jésù, ọ̀pọ̀tọ́ kan báyìí ni, Ficus sycomorus ló ń jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ka ẹbí tán, yóò ka ju ẹgbẹ̀rin ìran igi lọ. Ìdí nìyí tí kò fi dáa kí èèyàn kàn máa ká èso igi ọ̀pọ̀tọ́ èyíkéyìí tó bá rí nínú igbó dà sínú kéèkì. Oje funfun tó wà lára wọn máa ń yún èèyàn lára, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n ń jẹ.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ìlàjẹ. Ká sọ pé ọmọge kan n'Ígbókòdá fẹ́ẹ́ ṣègbéyàwó lóṣù Kejìlá. Ó gba ọ̀dọ̀ ìyá oníkéèkì lọ, ó kúnlẹ̀ kí i, ó na fóònù sí i.

"Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo èyí. Irú ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́."

"Ó mà rẹwà o. Kí ló wà nínú ẹ̀, ọmọ mi?"

"Fíìgì ni, mà."

"Fíìgì? Níbo la ti ń rà á?"

"Ẹ lè ránṣẹ́ s'Ékòó, mà."

"Kò burú. Ṣé bàbá ẹ ló máa sanwó ẹ̀ ni, àbí ọkọ?"

Ọmọge á rẹ́rìn-ín, á wolẹ̀. Ìbéèrè ìyá oníkéèkì kì í kúkú ṣe ti ẹ̀fẹ̀. Ohun tó bá máa ti Èkó dé Igbókòdá, Ọ̀rẹ̀ ló máa gbà, á gba Òkìtìpupa, kó tó wọ ọjà ẹja tó wà létí omi níbẹ̀. Bó bá jẹ́ Ugbónlà, Ayétòrò tàbí Awóyè ni ìyàwó náà ti ń ṣe ìnáwó ẹ̀, inú ọkọ̀ ojú omi lẹrù tún máa bọ́ sí. Owó mọ́tò wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ omi wà níbẹ̀, èrè ẹni tó kó èso náà láti òkè òkun wà níbẹ̀. Kéèkì tí wọ́n bá sì fi bọ́tà ṣe àìsíìnì ẹ̀ lè yọ́ nínú oòrùn ọkọ̀ kó tó dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ gé e, tí omi iyọ̀ bá sì ta sí i lára, ìyá oníkéèkì ni wọ́n máa bú.

Kì í ṣe pé fíìgì kò dáa o. Ẹni tó bá lówó ẹ̀, kó fi í sí kéèkì ẹ̀, ohun tó gbọ́dọ̀ mọ̀ kò pọ̀. Èyí tó gbẹ le, nítorí náà, omi gbígbóná ni wọ́n máa kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sí bí ìṣẹ́jú 20 kó lè rọ̀, kí wọ́n tó gé e wẹ́wẹ́. Ìdí ẹ̀ tó le ni kí wọ́n gé dànù. Ṣúgà wà nínú ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, kí wọ́n dín ṣúgà inú kéèkì kù, kí iná má sì pọ̀, torí ṣúgà ara èso ló máa ń tètè jóná, tí ẹ̀gbẹ́ kéèkì á dúdú kí àárín tó jinná. Kí wọ́n fi fúláwà díẹ̀ pa èso náà lára kí wọ́n tó dà á sínú àpòpọ̀, kó má bàa rì sísàlẹ̀ bí òkúta inú odò.

Ẹni tí kò lówó ẹ̀ ńkọ́? Dàbínù wà. Dàbínù tí àwọn ará òkè ọya ń kó wá, tí gbogbo ọjà máa ń kún fún bí ààwẹ̀ bá dé, iṣẹ́ tí fíìgì ń ṣe nínú kéèkì náà ló ń ṣe. Wọ́n á yọ kóró ẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á gé e, ó parí. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ nínú kéèkì á kàn mọ̀ pé nǹkan dídùn kan wà lẹ́nu òun. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n jù, tí ara ẹ̀ ti ní àmì dúdú, tí ọ̀pọ̀ máa ń jù nù, òun náà ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìyẹ̀fun, kéèkì á rọ̀, á sì dùn láìsí ṣúgà púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ní etí òkun, ọba àwọn èso ni àgbọn. Láti Badagry títí dé Aráròmí àti Ayétòrò, igi àgbọn ni èèyàn máa ń kọ́kọ́ rí bó bá wò láti ojú omi. Àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ sì ti ń fi àgbọn ṣe ìpanu kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ fíìgì. Ọ̀kan ni bàbá dúdú, omi àgbọn àti ṣúgà tí wọ́n sè títí tó fi dúdú, tó sì le. Ìyẹn kì í wọ ààrò, orí iná ló ti ń parí. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá s'Ékòó náà, omi àgbọn ni wọ́n fi ń se fùrèjọ́ọ̀nù tí wọ́n ń jẹ lọ́jọ́ Ẹtì Rere. Àwọn méjì tó ń wọ ààrò tó sì kan ọ̀rọ̀ yìí ni gúrúdì àti ṣúkùṣúkù.

Ẹni tó ṣe kékeré l'Ékòó mọ gúrúdì, ó ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu. Kò sí fúláwà nínú ẹ̀ rárá. Ẹ̀gẹ́ ni. Wọ́n á rin ẹ̀gẹ́, wọ́n á fún un sínú omi, wọ́n á jẹ́ kó sílẹ̀, wọ́n á da omi orí ẹ̀ nù. Ohun funfun tó sùn sísàlẹ̀ ni sítáàṣì. Wọ́n á po sítáàṣì yìí mọ́ àgbọn tí wọ́n rin, ṣúgà àti iyọ̀ ìka méjì. Wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí tíréè tí wọ́n ti fi òróró pa, wọ́n á gbé e sí iná tí kò le títí tó fi máa gbẹ, tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á pọ́n. Bó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí wọ́n ti gé e, torí bó bá ti tutù, fífọ́ ló máa fọ́. Bí wọ́n bá dì í sínú ọ̀rá tí atẹ́gùn kò lè wọ̀, ó ń pẹ́ dáadáa kó tó rọ̀.

Ṣúkùṣúkù ní tiẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ife kan àgbọn tí wọ́n rin, ìdá mẹ́rin ife ṣúgà, pupa ẹyin mẹ́ta. Wọ́n á pò ó mọ́ra, wọ́n á ká a róbótó-róbótó bí ìkòkó eyín àgbàdo méjì tó lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á yí i nínú ìdajì ife fúláwà, wọ́n á tò ó sórí tíréè. Bí ìwọ̀n bá wà lára ààrò, 180 ni kí wọ́n yí i sí, ìṣẹ́jú 20 ti tó. Kí wọ́n má da funfun ẹyin tó kù nù, òun ni wọ́n fi ń na àìsíìnì, ẹni tí kò sì ṣe àìsíìnì lè fi dín ẹyin fún àwọn ọmọ.

Àwọn kan á ní, "Ṣé gbogbo èèyàn ló ní ààrò ìgbàlódé?" Ìkòkò ńlá kan, yanrìn nísàlẹ̀ ẹ̀, agolo tàbí òkúta mẹ́ta lórí yanrìn, tíréè lórí òkúta, ọmọrí tó dé e pa, ààrò ti dé. Wọ́n á gbé e sórí sítóòfù tàbí èédú, wọ́n á jẹ́ kí yanrìn gbóná kí wọ́n tó gbé nǹkan sí i. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn ará Ìlàjẹ gbọ́dọ̀ kíyè sí ni èéfín. Iná ibẹ̀ kì í sinmi, torí ẹja àti edé tí wọ́n ń yan, bẹ́ẹ̀ náà ni pupuru tí wọ́n ń fi èéfín gbẹ kó lè pẹ́. Kéèkì sì máa ń fa òórùn mọ́ra bí aṣọ àlejò. Ìkòkò tí wọ́n bá fi yan ẹja lánàá, kí wọ́n má fi yan kéèkì lónìí, àfi bí wọ́n bá fẹ́ kí àwọn àlejò máa wojú ara wọn.

Bó bá jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ààrò ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́ àwọn ará etí òkun Ìlàjẹ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1947, àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ kan tó ya kúrò lára àwọn Kérúbù àti Séráfù tẹ Ayétòrò dó sórí yanrìn láàárín òkun àti ẹrẹ̀. Sákéù Ọkẹ́nlá ni ọba wọn àkọ́kọ́. Wọ́n ní àwọn kò ní í ní nǹkan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo ohun tí ẹnì kan bá rí jẹ́ ti gbogbo wọn. Ẹni tó ń pẹja ń pẹja fún ìlú, ẹni tó ń ránṣọ ń ránṣọ fún ìlú. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣe bàtà, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ, ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Wọ́n ní ilé búrẹ́dì tiwọn. Lọ́dún 1953, iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì ti ń tàn níbẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá nílẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Àwọn òyìnbó ń wá wò wọ́n, wọ́n ń kọ ìwé nípa wọn.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìlú tí kò sí ọ̀nà mọ́tò tó wọ̀ ọ́, tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ omi ni àpò fúláwà kọ̀ọ̀kan ń gbà dé, ń yan búrẹ́dì fún ara ẹ̀. Ní Èkó lásìkò yẹn, òkìkí ọkùnrin ará Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, ló kàn lórí ọ̀rọ̀ búrẹ́dì. Iṣẹ́ rélùwéè ló bá dé Nàìjíríà, àwọn ọdún 1920 ló sì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì. Àwọn ará Ayétòrò kò dúró de búrẹ́dì Èkó. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1960, ètò àjọni yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú, oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòwò tara ẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ náà sì ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fúláwà gan-an ló tún wá di wàhálà gbogbo Nàìjíríà. Àlìkámà tí wọ́n ń lọ̀ di fúláwà, òkè òkun ló ti ń wá jù. Lọ́dún 1987, ìjọba ológun Ibrahim Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọlé. Àwọn oníbúrẹ́dì ké gbàjarè, àwọn kan ń po àgbàdo mọ́ ọn, búrẹ́dì di ohun tí wọ́n ń fi kí èèyàn. Ọdún 1992 ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Nígbà tó di ọdún 2005, ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní kí àwọn tó ń lọ fúláwà fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Nígbà tí ìjọba ẹ̀ lọ, òfin náà sùn. Láàárín ọdún 2011 sí 2012, Akínwùmí Adéṣínà tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn tún gbé búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ dìde, Ààrẹ Goodluck Jonathan sì jẹ ẹ́ lójú gbogbo ayé. Ìyẹn náà tún rọlẹ̀.

Kí ló dé tó fi ń rọlẹ̀? Ọ̀kan nínú ìdí ẹ̀ wà nínú ìyẹ̀fun. Nǹkan kan wà nínú àlìkámà tó ń jẹ́ kó fà bí rọ́bà bí wọ́n bá pò ó, òun ló ń di afẹ́fẹ́ mú tí búrẹ́dì fi ń wú. Kò sí i nínú ẹ̀gẹ́. Bí ẹ̀gẹ́ bá ti pọ̀ nínú búrẹ́dì, kò ní í wú, á kì bí òkúta, oníbàárà á dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn oníkéèkì tẹ́tí sí èyí: bísíkíìtì kò nílò kó wú. Gúrúdì kò nílò kó wú. Ṣúkùṣúkù kò nílò kó wú. Kéèkì pàápàá, ẹyin wà lára ohun tó ń gbé e dìde, wọ́n lè fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tó kúnná rọ́pò díẹ̀ lára fúláwà ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Ohun tó ṣòro fún oníbúrẹ́dì, ó rọrùn fún ẹni tó ń ṣe ìpanu. Àmọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìyẹ̀fun tí èéfín ti wọ̀.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Rọ́ṣíà àti Ukraine lóṣù Kejì ọdún 2022, àlìkámà gbówó lórí káàkiri ayé. Lóṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ara ẹ̀ lọ́jà, owó fúláwà, ṣúgà àti bọ́tà sì fò lọ sókè. Ìyá oníkéèkì tó ń po àpò fúláwà kan lọ́sẹ̀, ìdajì ni ọ̀pọ̀ wọn ń po. Ẹni tó bá wá ní àgbọn nílé àti ẹ̀gẹ́ ní tòsí, ṣé kò yẹ kó ti di olówó?

Ó yẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá bàjẹ́. Òkun ń jẹ ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ayétòrò tó jẹ́ pé orúkọ ẹ̀ ń sọ pé ayé rọrùn, ayé dákẹ́ rọ́rọ́, òkun ti wọ inú ẹ̀, ó ti gbé ilé lọ, ó ti gbé ilé ẹ̀kọ́ lọ, ó ti gbé àwọn òpópó tí wọ́n fi pákó tẹ́ lọ. Àwọn ìdílé kan ti kó sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún kó lẹ́ẹ̀kejì, òkun tún ń bá wọn bọ̀. Lọ́dún 2004, àjọ NDDC gbé iṣẹ́ ìdáàbòbò etí òkun náà síta, iye tí wọ́n dá lé e sì jẹ́ bílíọ̀nù náírà lọ́nà mélòó kan. Lọ́dún 2009, wọ́n tún gbé e fún ẹlòmíràn. Àwọn ará ìlú ní àwọn kò rí ògiri kankan tó dá omi dúró.

Igi àgbọn kì í bẹ̀rù iyọ̀. Ó lè dúró létí òkun, kí omi iyọ̀ máa ta sí i lára, kó máa so. Ohun tó ń pa á ni kí omi gbẹ́ yanrìn kúrò lábẹ́ ẹ̀. Bí gbòǹgbò bá ti yọ síta, ìjì kan ṣoṣo ló kù. Àgbọn kúkúrú máa ń gbà tó ọdún mẹ́rin sí márùn-ún kó tó so, èyí tó ga máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Badagry, ilé iṣẹ́ ìwádìí NIFOR tó fìdí kalẹ̀ sítòsí Benin ní ẹ̀ka kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí àgbọn, irúgbìn tó dáa kì í ṣe ìṣòro. Ìṣòro ni pé ta ni yóò gbin igi tó máa so lọ́dún márùn-ún òní sórí ilẹ̀ tí kò mọ̀ bóyá yóò ṣì wà lọ́dún méjì?

Ẹ̀gẹ́ ní tiẹ̀ kò lè fara da iyọ̀ rárá. Ní agbègbè Awóyè, àwọn onímọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀nà omi tí wọ́n là nítorí epo rọ̀bì ló jẹ́ kí omi òkun ráàyè wọ inú igbó omi dídùn, tí igi ibẹ̀ fi kú. Bí omi iyọ̀ bá wọ ilẹ̀, ẹ̀gẹ́ kò ní í hù, kànga á sì bàjẹ́. Omi tí wọ́n máa fi po ìyẹ̀fun gan-an, rírà ni wọ́n máa rà á. Ìyá tó yẹ kó máa kó gúrúdì lọ sí Igbókòdá, kí àwọn oníṣòwò sì máa ti ibẹ̀ kó o lọ sí Àkúrẹ́ àti Èkó, á wá máa ra àgbọn lọ́wọ́ ẹlòmíràn, á ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ àwọn Ìkálẹ̀, á ra omi. Èrè dà níbẹ̀?

Èyí ni ohun tí àwọn ará ìlú ńlá kì í rò bí wọ́n bá ń bẹ oníkéèkì ní fíìgì. Àwọn tó ń jẹ kéèkì l'Ékòó lè ra èso láti Tọ́kì, wọn ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ṣe ọjọ́ ìbí, bí wọ́n bá ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́, bí wọ́n bá ń wá ìpanu tí wọ́n máa dì sínú báàgì fún àlejò, gúrúdì àti ṣúkùṣúkù ń bẹ, ó sì sàn ju bísíkíìtì tí ẹnikẹ́ni kò mọ ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é lọ. Owó tí wọ́n bá ná síbẹ̀, ọwọ́ ìyá kan ló máa bọ́ sí. Àwọn oníkéèkì pàápàá, ẹ má tijú láti fi àgbọn síwájú oníbàárà. Ẹ jẹ́ kó tọ́ ọ wò kó tó sọ pé òun kò fẹ́.

Ní ti ìjọba, wọ́n ti ṣe ìpàdé tó, wọ́n ti ya fọ́tò létí òkun tó. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé síta lẹ́ẹ̀mejì tí ẹnikẹ́ni kò rí, ó yẹ kí wọ́n sọ fún àwọn ará Ìlàjẹ ibi tí owó ẹ̀ wọlẹ̀ sí, kí wọ́n sì gbé ògiri dìde kí ìyókù ìlú tó lọ. Òkun kì í gba àbẹ̀wò bí ìdáhùn.

Nígbà tí wòlíì Míkà fẹ́ ṣàpèjúwe ìlú tó ní àlàáfíà, kò sọ̀rọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò sọ̀rọ̀ mọ́tò. Ẹni tó jókòó sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ ara ẹ̀ láìfòyà ló lò. Ní Ìlàjẹ, igi àgbọn ni. Ìyá tó bá ní àgbọn tiẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó sì mọ̀ pé ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ kò ní í lọ lóru, ẹ fún un ní ìkòkò, yanrìn àti èédú. Kò sí kéèkì tí kò lè ṣe.